Orin Tí Mo Fi Lé Ọmọ Kéú Kúrò Nílé Bàbá Rẹ̀

Kì í ṣe ọmọ yẹn ló ni ọ̀rọ̀ inú orin yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi, torí ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tọ́rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja... kò lọ sísàlẹ̀, kò jáde. Mi ò kàwé púpọ̀, JSS 3 ni mo ti dúró, ibi tí mi ò bá ti kọ ọ́ dáadáa, ẹ bá mi gbójú fò ó.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìgbògbò, computer kan, máìkì kan, yàrá kékeré tí mo fi páálí ẹyin bo ògiri ẹ̀, mò ń pè é ní studio. Àwọn ọmọ ilé kéú kan wá láti Ẹ̀pẹ́ pé kí n bá àwọn gba orin wòlímọ̀ àwọn sílẹ̀, orin tí wọ́n máa kọ lọ́jọ́ ayẹyẹ pé wọ́n ti ka Kùránì parí. Ọmọbìnrin mẹ́jọ ni wọ́n. Èyí tó ń lé orin fún wọn, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Múnírà, kì í ṣe orúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ohùn ọmọ yẹn... mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀. Máìkì mi ló ṣe ségesège lọ́jọ́ náà, ohùn tiẹ̀ nìkan ni kò wọlé dáadáa, mo bá ní kó padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Àǹtí ẹ̀ tó ń gbé Ìgbògbò níbí ló mú un wá, ó ní òun fẹ́ lọ ra nǹkan, òun ń bọ̀.

A tètè ṣe tán. A wá jókòó, à ń dúró de àǹtí. Orin kan wà nínú ìwé mi tí mo kọ fún ọmọbìnrin olórin kan tó já mi kulẹ̀, chorus ẹ̀ ni "Mọ́mì ti sùn o, ilẹ̀kùn ò tì, rọra wọlé." Mo ní kí Múnírà bá mi fohùn sí i, kí n kàn mọ bó ṣe máa dún. Ó fi etí hìjáàbù bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní "Háà, Bọ̀ọ̀dá! Èwo tún nìyí? Bàbá mi á pa mí o." Mo ní àwàdà lásán ni, màá pa á rẹ́ tá a bá ti gbọ́ ọ tán. Ó ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kọ ọ́.

Mi ò pa á rẹ́.

Mo fi beat sí i. Mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń fi orin sí i fún èrò nínú ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, èmi ṣáà fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń béèrè ta ló kọ ọ́, èmi òpònú, mo kọ "Ọmọ Kéú" sára CD, torí mo mọ̀ pé ariwo ló máa tà á. Ó sì tà lóòótọ́. Láàárín oṣù kan kò sí ọlọ́kadà tí kò kọ ọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ ọ́ lórí assembly, wọ́n ń jẹgba lé e lórí, wọ́n á tún kọ ọ́ tí wọ́n bá délé. Pásítọ̀ wàásù lé e, Ààfáà fi ṣe wáàsí Jímọ̀, wọ́n ń pe rédíò láti bú ọmọ tó kọ ọ́ àti òbí tó bí i... àwọn tó sì ń bú u yìí náà ń wá ra CD lọ́wọ́ mi. Inú mi ń dùn nígbà náà. Mi ò ní parọ́.

Ṣé kò yẹ kí n ti mọ̀ pé wọ́n máa dá ohùn ẹ̀ mọ̀ ni? Gbogbo ìsọmọlórúkọ ní àdúgbò wọn ní Ẹ̀pẹ́, òun ló ń lé orin níbẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló ń rán hìjáàbù fún wọn ládùúgbò. Wọ́n sọ ìyá yẹn ní Màmá Tó Sùn. Tó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Màmá Tó Sùn, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ ti jí?" Ó gbé máṣíìnì ìránṣọ wọ inú ilé, ó ti ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá ẹ̀ wá bá mi, òun àti Ààfáà méjì. Kò pariwo. Ó ní "Ọmọ mi, nítorí Ọlọ́run, ṣé ó mọ̀ pé o máa gbé e jáde?" Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, mo wolẹ̀, mo ní ó mọ̀... mo tún ní òun ló mú ọ̀rọ̀ orin wá fúnra ẹ̀. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n fún òun lómi. Ó mu ún tán, ó ní "O ṣé, o ò fi pa mọ́ fún mi."

Ọmọ méje ló ṣe wòlímọ̀ náà. Aṣọ funfun tí ìyá Múnírà rán sílẹ̀ fún un, kò rí i wọ̀. Ó ṣàlàyé títí, wọn ò gbà á gbọ́, bàbá ní kó máa lọ. Ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ̀ ló wà títí di òní, ó ń ta káàdì fóònù létí omi ní Ìpakodò. Tí ọkọ̀ kan bá fi orin yẹn sí i, á dìde, á lọ dúró síbòmíràn títí wọ́n á fi lọ. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n lè bẹ̀ ẹ́, káàdì ni mo rà. Ó fún mi ní ṣéńjì, ó ní "Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá." Kò ṣépè, kò bú mi. Ó sàn kó bú mi.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ẹ̀ tún wá. Wòlímọ̀ àbúrò Múnírà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó ní èmi lòun fẹ́ kó gbé ẹ̀rọ wá kó sì gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, torí pé mo sọ òótọ́ fún òun nígbà kan. Àbúrò yẹn tẹ̀ lé e wá, ó ní òun fẹ́ dán máìkì wò. Ó kọ orin... ohùn kan náà ni. Bàbá dijú. Omi ń jáde lójú ẹ̀, kò nù ún.

Ẹ wò ó, ohùn Múnírà tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, kí n tó fi beat sí i, ṣì wà nínú computer mi. Máìkì ti ń ṣiṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ máa gbọ́ Múnírà níbẹ̀ tó ń sọ pé "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣèlérí pé ẹ máa pa á rẹ́," ẹ máa gbọ́ ohùn tèmi, mò ń rẹ́rìn-ín, mo ní mo ṣèlérí. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ó wà. Ṣé kí n gbé e lọ bá bàbá nílé ṣáájú ọjọ́ náà? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Múnírà, bóyá kò tiẹ̀ fẹ́ kí n hú u jáde mọ́? Àbí níwájú gbogbo ayé ni kí n ti lò ó, torí níwájú gbogbo ayé ni wọ́n ti bú u... ṣé mi ò wá ní ba ọjọ́ àbúrò jẹ́ bí mo ṣe ba ti ẹ̀gbọ́n jẹ́? Mo ti gba iṣẹ́ náà. Mo ti sọ fún bàbá pé mò ń bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n gbé dání lọ?