Ṣọ́ọ̀kì Tí A Fi Téèpù Télọ̀ Wọ̀n

                                                  Yàrá Kẹfà, Àjà Kejì,
                                                  Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́.
                                                  Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Télọ̀ mi, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Àbúrò rẹ tó máa ń gé aṣọ oníbàárà kúrú ńkọ́, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ti ń tọ́? Maṣíìnì rẹ tó jẹ́ pé ìgbà tí oníbàárà bá dúró tì í ló máa ń já òwú, ṣé ó ti jáwọ́ nínú ìwàkiwà yẹn? Ara tèmi le. Mo ń jẹun, mo sì ń sùn. Mo mọ̀ pé ohun tí ìwọ tó sọ mí ní Adákẹ́ fẹ́ bi mí gan-an ni bóyá mo ti lanu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ kò rọrùn. Ògiri yàrá mi fẹ́lẹ́ débi pé mo mọ ikọ́ gbogbo àwọn tá a jọ wà lájà yìí, ṣùgbọ́n n kò mọ ojú wọn. Bí wọ́n bá kí mi níbi ẹ̀rọ omi, màá kàn mi orí bí alángbá. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ tí n óò fi dáhùn, wọ́n á ti lọ.

Ní ẹ̀ka wa tí a ti ń kọ́ nípa ilẹ̀, jíìpù ògbólógbòó kan wà tó ń gbé wa lọ sórí òkè láti lọ kó erùpẹ̀. Àwọn tó lò ó ṣáájú wa ti gbé e ga díẹ̀. Wọ́n fi sípíríǹgì tó fi íńṣì méjì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, kí abẹ́ rẹ̀ má baà máa ha òkúta. Ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ọ̀pá tó ń bá sípíríǹgì wí kí ọkọ̀ má baà máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Láti ìgbà náà, bí táyà ẹ̀yìn bá ti bọ́ sí kòtò, a ó gbọ́ "kò!" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀kì náà bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́ìlì, Baba Awakọ̀ tó ń wà á sì ní òun kò ní gbé òkú ọkọ̀ gun òkè. Bí jíìpù kò bá yá kó tó di Sátidé tí a fẹ́ lọ, ọkọ̀ kékeré olùkọ́ wa la ó gbé, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin péré ló sì lè gbà. Márùn-ún ni wá, èmi ni mo dé kẹ́yìn. O ti mọ ẹni tí wọ́n máa fi sílé.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Baba Awakọ̀ wa jíìpù náà lọ sí ìsọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́mándà, bá a lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n máa gbé ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ kan tẹ̀ lé wọn. Òǹtajà náà gbé awò ojú sórí, ó sì ń wá a kiri.

Kọ́mándà ní, "Ẹ fún wa ní èyí tó gùn jù, sà. Ọkọ̀ wa ga."

Òǹtajà fa ọ̀kan yọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá mi. "Akọni rèé! Jíìpù tó bá wọ èyí, kò ní mọ̀ pé kòtò wà láyé mọ́."

Baba Awakọ̀ mi orí, ó ti ń wá kálàmù tí yóò fi buwọ́ lùwé. Bẹ́ẹ̀ òǹtajà ti kìlọ̀ pé ohun tí a bá ti dè mọ́ ọkọ̀, òun kì í gbà á padà.

Ara mi kò balẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ náà. Rọ́bà dúdú kan wà lókè irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi bàtà tuntun. Èyí fi hàn pé irin náà máa ń gòkè lọ kàn án. Ìwọ ni mo rántí. O kì í wọn ṣòkòtò fún ẹnikẹ́ni kó o má ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé o rántí bíríkìlà tó ní òun kò ní bẹ̀rẹ̀, tí ṣòkòtò rẹ̀ wá ya níbi tó ti ń so okùn bàtà níwájú àwọn àna rẹ̀?

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá wá bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

Òǹtajà wò yíká. "Ta ló ń dún bí ẹ̀fọn yẹn?"

Kọ́mándà pariwo, "Háà! Ó mà lẹ́nu o!"

"Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi?" Baba Awakọ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ̀ ni, sà. Tó bá na ẹsẹ̀, èyí gùn tó. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá ká, ṣé yóò ráyè ká ara tiẹ̀ náà?"

Baba fi kálàmù pa mọ́. "Ó yá, jáde, ká lọ wọ̀n ọ́n."

Téèpù tó o fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ wà nínú báàgì mi. A fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè títí táyà fi ń rọ̀ dirodiro, a tú ṣọ́ọ̀kì tó kù kúrò, mo sì wọn àárín ibi tí bóòtù tó ń dè é lókè àti nísàlẹ̀ ń wọ̀. Mo ké pé, "Ọgọ́ta lé kan!" Kọ́mándà ní ṣé ọkọ̀ ojú irin là ń wọ̀n ni. Àṣé apá òdì téèpù, ti sẹ̀ǹtímítà, ni mo ń kà. Íńṣì mẹ́rìnlélógún ni. A tún ṣírò iye tí yóò ṣẹ́ kù bí irin bá gòkè kan rọ́bà, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógún.

A wá wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Akọni yẹn, bó ti wù ká tẹ̀ ẹ́ tó, kò lè kúrú ju mẹ́tàdínlógún lọ. Íńṣì kan péré ni, ṣùgbọ́n kòtò kan ṣoṣo ni yóò fi fọ́. Ti àtijọ́ ẹ̀wẹ̀ kì í nà kọjá méjìlélógún, òun ló ń ké "kò!" bí táyà bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Òǹtajà fẹnu fẹ́ eruku kúrò lára páálí kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyẹn ń nà dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì ń ká dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tún fẹ́ ta oríṣi tó le jù fún wa, ni Baba Awakọ̀ bá ní, "Erùpẹ̀ là ń lọ kó, kì í ṣe òkúta. Èyí tó bá le jù, ìdí wa ni yóò máa bá jà." A mú èyí tó le níwọ̀nba.

Àwọn àgbà ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Bí ẹnu tèmi bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, kò sẹ́ni tí ìbá gun òkè kankan.

Ní Sátidé, àwa márààrún la lọ. Bí a ṣe ń sún mọ́ kòtò tó wà lẹ́yìn géètì, tí jíìpù ti máa ń ké, Kọ́mándà gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wa pa ẹnu mọ́. Ó yà mí lẹ́nu, n kò rí i rí kí odindi ọkọ̀ dákẹ́ bíi tèmi. Táyà wọlẹ̀, ó gòkè. A kò gbọ́ nǹkan kan. Ni gbogbo wa bá hó yèè! Ohùn kan ròkè ju tàwọn tó kù lọ. Ìgbà tí wọ́n yíjú wò mí ni mo tó mọ̀ pé èmi ni.

Bá mi kí Màmá, sì sọ fún àbúrò rẹ pé kó máa wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e. Má bínú pé ọ́ìlì ti ta sí téèpù rẹ, n kò sì ní fọ̀ ọ́. Ohun kan ṣẹ́ kù tó yẹ kó o mọ̀: mo ti gba orúkọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Láàárọ̀ yìí, níbi ẹ̀rọ omi, ẹnì kan ké sí mi láti òkè pé, "Télọ̀, ṣé o jí ire?" Mo sì dáhùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ náà ni mo ṣì jẹ́,
Adákẹ́.