Kóòtù Baba Wa àti Èjìká Mi

Èmi Lorna Tosh, tí mò ń tọ́jú ilé ìfìwéránṣẹ́ abúlé yìí, ni mo kọ èyí sílẹ̀. Ẹnu Dod Kinnear ni ọ̀rọ̀ ti wá. Oko ni wọ́n fi í sí nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé. Ó ní kí n má fi kún un, kí n má sì yọ níbẹ̀.

Oko Balcraig,
Fife, Scotland.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹwàá, 1934.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ninian,

Ṣé dáadáa ni? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn àgùntàn yín ní New Zealand lọ́hùn-ún ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti rọlẹ̀? Ara tèmi le, àfi èjìká òsì.

Láti ìgbà ìkórè ni bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mi kò ti kọjá odò kékeré tó wà níwájú ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Meldrum, tí a jọ ń gbá a ní gbogbo Sátidé ṣáájú kí irun wa tó funfun, ní àwọn ẹja ti mọ̀ mí lórúkọ. Netta ọmọ mi ní èjìká mi ti sú òun í fi òróró pa: bí bọ́ọ̀lù kò bá kọjá odò ní Sátidé tó ń bọ̀, òun yóò kó àwọn ọ̀pá gọ́ọ̀fù mi fún ẹlòmíràn. O mọ Netta. Ìyá rẹ̀ ló jọ.

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Una Spence, ọmọ àgbẹ̀ tó ń fi ọwọ́ wo oríkèé ríro nílé ìwòsàn. Ó ní kí n gbé ọ̀pá sókè bí ẹni fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ó wá fi ọwọ́ lé mi lẹ́yìn.

“Baba, apá yín nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ ti fi igi ìpakà pakà rí?”

Mo ní kí ló rò pé mo fi jẹun dàgbà.

“Ó dáa. Igi méjì tí a fi awọ so pọ̀ ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín á ṣáájú, ìkejì á tẹ̀ lé e, ìkejì yẹn ló sì ń sáré jù. Apá yín ni igi àkọ́kọ́, ọ̀pá gọ́ọ̀fù ni ìkejì. Bí ẹ bá ń gbá a, kí ìbàdí kọ́kọ́ yí, kí èjìká tẹ̀ lé e, kí èjìká wá fa apá. Ṣùgbọ́n eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká òsì yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ̀ síwájú kí apá tó lè ré kọjá àyà. Kóòtù yín dì í mú.”

Kóòtù Baba wa ni. Kò bá èmi mu rí, kò sì bá ìwọ mu. Una ní kí Netta tú ojú rírán abíyá kóòtù náà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ fi abẹ kan kóòtù yẹn, kó kọ́kọ́ fi kàn mí. O rántí ohun tí Baba máa ń sọ: ẹni tó bá fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀tì lásán gbá gọ́ọ̀fù, kó máa lọ kó koríko.

Sátidé dé. Mo gbá àkọ́kọ́, inú odò. Ìkejì, inú odò. Netta ti na ọwọ́ sí àpò ọ̀pá.

“Dod,” ni Meldrum wí, “jẹ́ kí n pe àwọn ẹja wá, kí ẹ jọ dágbére.”

Mo bọ́ kóòtù. Mo sọ fún wọn pé oòrùn mú. Òjò ń rọ̀. Mo jẹ́ kí èjìká fa apá, kí ọ̀pá máa bọ̀ lẹ́yìn bí igi ìpakà. Bọ́ọ̀lù kọjá odò, ó kọjá ọ̀nà, ó wọ inú ọgbà àlùfáà lọ. Meldrum ní bọ́ọ̀lù náà ti sọ nù. Mo ní bó bá sọ nù, odò kọ́ ló gbé e. Netta gbé àpò ọ̀pá fún mi, a sì ń bá eré lọ.

Kò sẹ́ni tó tú kóòtù náà. Ère tí ń lé kannakánná ló wọ̀ ọ́ báyìí, láàárín àlìkámà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Láti ẹ̀yìn, Baba ni gẹ́lẹ́. Bí mo bá ń ti ibẹ̀ lọ ní Sátidé, mo máa ń wọ kóòtù mìíràn títí n ó fi kọjá.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Netta ní kí o fi iyọ̀ gbígbóná jó orúnkún yẹn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì lọ kó koríko,

Àmì Dod Kinnear: X

Ẹlẹ́rìí: Netta Kinnear.
Ẹlẹ́rìí: Bruce Meldrum, tó ní kí n kọ ọ́ síbí pé bọ́ọ̀lù náà sọ nù.