Ẹ̀rọ Ìfami Tó Ń Bọ̀ Wá Sí Odò Ìdí-Òro

Hor Al Anz, Dubai.
Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Ganiat,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá yín gbé, ẹ̀yin àti baálé yín àti àwọn ọmọ. Mo lérò pé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀, àti pé ẹ̀gẹ́ tí ẹ rẹ fún láfún kò bàjẹ́ bíi ti ìjọ́sí. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ibí yìí ń sè wá bí ẹ̀wà. Làtífù tí a jọ ń gbé yàrá, tó ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ni mo fi ìwé yìí rán. N kò fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù yín, nítorí bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo agboolé ni yóò gbọ́, àtewúrẹ́ àtàgùntàn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí wa ni, èyí tí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ gbà láti fi gbin ìrèké tí wọn yóò fi pọn ọtí líle, kí wọ́n lè dà á mọ́ pẹtiróòlù fún mọ́tò. Mọgàjí wa tí kì í jẹ́ kí ọtí wọ agboolé, òun náà ló fẹ́ fún mọ́tò ní ọtí mu. Ó ránṣẹ́ sí mi pé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọn yóò pè mí lórí fóònù níwájú ẹbí, kí n fẹnu ara mi gbà á lórúkọ ìdí-igi ìyá wa. Ẹ mọ̀ pé bí ìdí-igi kan ṣoṣo bá kọ̀, ilẹ̀ ẹbí kò ṣeé fi fún àlejò. Inú mi dùn sí i nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé iṣẹ́ yóò dé ilé, pé àwọn ọmọ wa kò ní wá máa sun orí bẹ́ẹ̀dì alájà bíi tèmi.

Ibi iṣẹ́ mi ni ọkàn mi ti yí padà. Ẹ mọ̀ pé Industrial Area ní Sharjah ni mo wà, ní ilé ìkẹ́rù ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ. Èmi ni mo ń fọ̀ wọ́n, tí mo ń kùn wọ́n lọ́dà, tí mo sì ń kó wọn sínú kọ̀ntéénà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Yorùbá kan wọlé, Ẹnjiníà Ọláwándé, ó wá ra ẹ̀rọ ìfami. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sẹ́nu kànga o. Ẹnu páìpù rẹ̀ gba orí èèyàn. Inú rẹ̀ dùn pé a jọ ń sọ Yorùbá, ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Bí mo ti dárúkọ ìlú wa, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “My person! Ibẹ̀ gan-an ni mò ń kó àwọn pump yìí lọ now. Ẹ ní odò kan níbẹ̀, Ìdí-Òro àbí kí lẹ ń pè é. Before next dry season, a máa ti fà á dé oko.”

Ọwọ́ mi kú sórí ọ̀dà. Ṣebí ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ náà sọ níwájú ẹbí, pé omi òjò nìkan ni ìrèké náà yóò máa mu? Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín bá tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Òjò kẹ̀? Ìrèké wo ló ń fi òjò nìkan gbé ọdún? Abeg, ta ni bàbá ẹ nílé?” Mo dá a lóhùn, nítorí ó jù mí lọ. Kò bá mi ṣàwàdà mọ́. Òun àti ọ̀gá mi wọ ọ́fíìsì lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Adéníkẹ́ lọ, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń kàwé nípa omi àti ojú ọjọ́ ní yunifásítì kan níbí. Mo rò pé yóò fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni. Ó ní, “Brother Sofi, mi ò ní parọ́ fún yín. Tí ìrèké bá ṣì wà lóko, àyíká lè tutù díẹ̀, torí ewé ẹ̀ ń tú omi sínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ yín ni omi yẹn ti jáde, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ rọ̀ sílùú ẹlòmíì. Tí wọ́n bá wá gé e tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ wà níhòòhò, ooru á pọ̀. Àwọn igi ẹmi àti igi irú tí wọ́n máa hú ńkọ́?” Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe máa rí gan-an, pé ó dá lórí bí oko náà bá ṣe fẹ̀ tó. Mo sọ fún un pé gbogbo abúlé tó yí wa ká ló ti gbà, àwa nìkan ló kù. Ó ní, “Gbogbo abúlé kẹ̀? Oko yẹn ti fẹ̀ jù nìyẹn.” Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kọ́kọ́ sọ lọ.

Omi òkun ni à ń mu níbí. Wọ́n ń fà á, wọ́n ń yọ iyọ̀ inú rẹ̀, ó ń bá wọn dénú ilé, nítorí pé wọ́n lówó rẹ̀. Bí Ìdí-Òro bá gbẹ, òkun wo ni àwa fẹ́ fà? Inú odò yẹn ni ìyá wa ti rẹ ẹ̀gẹ́ tó fi tọ́ wa, inú rẹ̀ náà ni ẹ̀yin ń rẹ tiyín. Ẹ kò ní iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi.

Nítorí náà, rárá ni n óò wí ní Jímọ̀. Wọn yóò bínú, wọn yóò ní àjò ti yí mi lórí, ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí ni wọn yóò sì kọ́kọ́ dojú kọ. Ìdí tí mo fi tètè ń sọ fún yín nìyẹn. Èmi náà wà nínú ewu níhìn-ín, nítorí ọwọ́ ọ̀gá mi ni visa mi wà, oníbàárà ńlá sì ni Ẹnjiníà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ máa ṣọ́ odò náà, bí ẹ bá rí àlejò tó ń wọn etí rẹ̀, ẹ pariwo.

Ọlọ́hun kó fún orúnkún yín lágbára, kó ṣọ́ Ganiat àti àwọn àbúrò rẹ̀, kó má fi ibi kàn wá nílé lóko.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ ìyá yín kan ṣoṣo,
Sofiullahi.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa kí ọ̀gá tó pè. Ó ní kí n kó Emirates ID mi àti síìmù tí ilé iṣẹ́ fún mi wá lọ́la. Mo bi í pé kí ló dé. “Khalas” nìkan ló wí, ìyẹn ni pé ó ti parí, ó sì pa fóònù. Bí wọ́n bá pè mí ní Jímọ̀ tí kò lọ, ẹ má dúró dè mí. Ẹ̀yin ni àkọ́bí ìyá wa. Ẹ dìde níwájú mọgàjí, kí ẹ sọ pé ìdí-igi wa kọ̀. Bí wọ́n bá sì dá mi padà, ẹ ṣáà jẹ́ kí n bá omi nílé.