Ohùn Bàbá Nínú Fóònù

                                        Ilé Onílẹ̀kùn Búlúù,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Alágbẹ̀dẹ.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọ títí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tí ó máa ń dùn ọ́ bí òjò bá ṣú, ṣé ó ti jẹ́ kí o sinmi? Ní tèmi, ara le, àfi ojú tó ń ṣe bàìbàì. Àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀.

Fídíò tí ìyàwó rẹ fi ránṣẹ́ ló fa lẹ́tà yìí. Nígbà tí ó dé sórí fóònù tuntun tí àwọn ọmọ rà fún mi, mo tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ṣú dùdù bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ohùn ń jáde. Ohùn ta ni mo gbọ́? Ohùn Bàbá wa tó ti dolóògbé! Ó ń bá àwọn ẹyẹ wí bí ó ti máa ń ṣe lóko: "Ẹ jẹ díẹ̀, kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó gbìn ín." Ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín. Mo jókòó pẹ̀lẹ́ sórí àpótí. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan gba ohùn Bàbá sílẹ̀ láyé àtijọ́, tí o sì ń fi í pamọ́. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ kí n tó gbé ọkọ́.

Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo fẹ́ rí Bàbá. Mo fi aṣọ nu fóònù náà, mo pa á, mo tún tàn án, pàbó. Mo wá sá a sóòrùn lórí ẹní, láàárín ẹ̀wà tí mo ń sá, torí ohun tó bá ti gba ọ̀rinrin, oòrùn ló ń wò ó. Ó gbóná débi pé ó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ yan án jẹ ni?" Mo ní kó gbájú mọ́ṣẹ́. Nígbà tí fóònù tutù, tó sì tàn, ó ní ó ti kún jù, kí a pa nǹkan rẹ́ kí àyè lè wà. Mo ní kó pa fọ́tò àgbàdo mi rẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá fọwọ́ kan ohùn Bàbá, èmi àti ẹ̀ ni. Síbẹ̀, ó ṣú. Ó wò ó títí, ó ní fídíò náà kò bàjẹ́, fóònù mi ni kò mọ irú rẹ̀, ohùn nìkan ló lè gbé jáde. Ó dáńlóòdù ohun mìíràn tí ń fi fídíò hàn. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó mọ́lẹ̀ kedere.

"Ṣé bàbá yín nìyí?"

Mo gbé fóònù súnmọ́ ojú. Ìwọ ni. Ìwọ lo dúró láàárín tòmátì ẹ̀yìnkùlé rẹ, orí rẹ ti pá, ẹ̀yìn rẹ ti tẹ̀, o ń bá ẹyẹ wí. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ sóko, n kò dá ohùn rẹ mọ̀! Bí o bá pè mí, ohùn rẹ máa ń tín-ín-rín, o sì máa ń kánjú. Irun rẹ dúdú minimini nígbà tí o ń lọ sí ìdálẹ̀. Orí yẹn ni mo ṣì máa ń rí bí a bá ń sọ̀rọ̀. Ní báyìí, bí mo bá di ojú, Bàbá ni. Bí mo bá la ojú, ìwọ ni.

Ìyá Ìbejì ní kí n sọ̀rọ̀ sínú fóònù kí òun fi ránṣẹ́. Mo kọ̀. Mo ní kó mú bírò. Òun náà ló ń bá mi kọ ọ́, ó sì ń kùn. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ojú rẹ̀ tún ṣú.

Máa bọ̀ nílé. Má sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. O ti sọ ọ́ títí, ó ti sú mi. Ọjọ́ orí ti jẹ díẹ̀ lára wa. Jẹ́ kí a fojú kan ara wa kí ó tó jẹ ìyókù.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ. Kí àwọn ẹyẹ rẹ náà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń wo ọ̀nà,
Olóríkunkun.