Ọ̀gá Búrẹ́dì, Ti Ilẹ̀kùn Lọ́jọ́ Kan

Ọmọ mi àtàtà, Ọ̀gá Búrẹ́dì,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo sì kí ọ kú àìjókòó. Ara ìyá rẹ le, tèmi náà le, àfi orúnkún òsì tó máa ń bá mi ṣọ̀tá bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ìwọ, ìyàwó rẹ àti Ìyá Kékeré, ọmọ yín, ní àlàáfíà. Mo mọ̀ pé orí ìdúró lo ti máa fẹ́ kà á, pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí. Bàbá rẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀, kì í ṣe oníbàárà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pè yín lórí fóònù, Ìyá Kékeré ló sì gbé e. A kí ara wa, ó kọrin kan fún mi, ó ní eyín òun kan ti ń mì. Mo wá bi í pé, "Bàbá rẹ ńkọ́? Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀." Ọmọ ọdún mẹ́fà dá mi lóhùn, kò bínú, kò sì fi ṣàwàdà: "Bàbá àgbà, ẹ lọ ra búrẹ́dì, ẹ máa rí wọn níbẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́.

Mo mọ ohun tó o máa sọ, torí o ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mẹ́ta. O ní ọdún mẹ́rin rèé tó o ti ṣí béékárì náà, o ò tì í pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo. O ní bí o bá kúrò nídìí ààrò, búrẹ́dì á jóná, àwọn oníbàárà á sì bá ẹlòmíràn lọ. O tún wá ń fi í yangàn! Ta lo rò pé o jọ? Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan tí mo ti fi pa mọ́ fún ọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Ṣé o rántí kóòtù àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tí mo rán fún ọ nígbà tó o fẹ́ lọ gba ẹ̀bùn nílé ẹ̀kọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ́ nígbà náà. Lákòókò yẹn, mo máa ń jáde nílé kí o tó jí, nígbà tí mo bá sì fi máa dé, o ti sùn. Ọjọ́ méje láàárín ọ̀sẹ̀ ni o! Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé mi ò kì í gé aṣọ ẹnikẹ́ni láìfi téèpù wọn ẹni náà. Kódà bó jẹ́ àná lo ránṣọ lọ́dọ̀ mi, màá tún ọ wọ̀n lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan tìẹ, mo ní, "Ọmọ mi kọ́? Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù mí lọ?" Mo gbé àlùmọ́gàjí, mo gé e láìwọ̀n ọ́.

Ṣòkòtò yẹn kò dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ. Àárín ojúgun ló parí sí, apá kóòtù náà kò sì bo ọwọ́ rẹ tán. Mo sọ fún ọ pé aṣọ ni kò tó. Irọ́ ni, ọmọ mi. Aṣọ tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Orí ibùsùn nìkan ni mo ti ń rí ọ, níbi tó o ti ká jọ sí, tó ò ń sùn, mi ò mọ̀ pé o ti ga. Télọ̀ ni mí, ojú mi ni mo fi ń jẹun, ọmọ wá ń dàgbà nínú ilé mi, mi ò rí i! O sì wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé o ní, "Ẹ má sọ fún Bàbá o, ó ti rẹ̀ wọ́n." Inú fọ́tò ni mo ti wá rí i, torí mi ò sí níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, mò ń rán aṣọ ọmọ ọlọ́mọ.

Mo sunkún nídìí máṣínnì lọ́jọ́ tí mo rí fọ́tò náà, mi ò ní parọ́ fún ọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rù sì ń bà mí bí ẹni tó jalè. O ti ilé ẹ̀kọ́ dé, o bá mi lórí àga, o ní, "Bàbá, ṣé ara yín ò yá ni?" Àìsàn nìkan ló máa ń gbé mi jókòó sílé lójú tìẹ. A ò tiẹ̀ mọ ohun tí a máa bá ara wa sọ, a kàn ń wo ara wa ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di Ìṣẹ́gun kẹta, ẹnu rẹ ò dákẹ́ mọ́.

O máa bi mí pé, àwọn oníbàárà ńkọ́? Wọ́n kùn, wọ́n yọ ṣùtì, wọ́n sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá ẹlòmíràn lọ, ẹni yẹn náà kì í tètè wá gba aṣọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọwọ́ mi wá dán mọ́rán sí i. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń tú ohun tí mo rán lánàá kí n tó bẹ̀rẹ̀ tòní, torí oorun ló ń bá mi rán an. Láti ìgbà tí mo ti ń sinmi, ìyẹn ti dín kù gan-an.

Ọ̀gá onírùngbọ̀n tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ nídìí ààrò yẹn, ṣebí òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun! Síbẹ̀, o ò fún un ní kọ́kọ́rọ́ béékárì rí. Ìyàwó rẹ ní bí o bá fẹ́ lọ tọ̀ pàápàá, o máa ń mú un dání. Háà! Ṣé wọ́n á gbé ààrò sá lọ ni?

O máa ní ọ̀gá náà nìkan ò lè dá a ṣe. Mo ti ronú nípa ìyẹn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí tí mo ti ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì òpin àdúgbò wa ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi òróró pa inú agolo. Ó máa ń jágbe mọ́ mi pé, "Bàbá, aṣọ kọ́ lẹ̀ ń ká yẹn o!" Búrẹ́dì mi àkọ́kọ́ le débi pé ìyá rẹ fi dá ilẹ̀kùn dúró. Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn ṣeé jẹ.

Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, fún oṣù kan gbáko. Ní gbogbo Ọjọ́rú, èmi àti ọ̀gá onírùngbọ̀n la máa wà ní béékárì, ìwọ ò sì gbọ́dọ̀ yọjú síbẹ̀. Lọ mú ọmọ rẹ nílé ẹ̀kọ́, kí ẹ jọ fẹsẹ̀ rìn wálé, kí o gbọ́ gbogbo ohun tó bá fẹ́ sọ. Bí mo bá padà sílé, máa ti ilẹ̀kùn béékárì ní Ọjọ́rú, kí ọjọ́ náà ṣì máa jẹ́ ti ọmọ rẹ. Èmi ti pàdánù ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìgbà ọmọdé rẹ, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń tà á kí n lọ rà á. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ọmọ mi. Mi ò sọ ọ́ tó nígbà tó o wà nílé.

Ọlọ́run á fún ọ ní ìlera, iṣẹ́ rẹ ò ní bà jẹ́, ìwọ àti ìyàwó rẹ á sì jèrè ọmọ yín. Wàá dàgbà, wàá dogbó pẹ̀lú ayọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Télọ̀, ọmọ iṣẹ́ oníbúrẹ́dì.

Mo gbàgbé: má wulẹ̀ pè mí pé kí n má wá. Obìnrin kan tó ń múra ìgbéyàwó kó aṣọ wá láàárọ̀ yìí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá télọ̀ mìíràn. Ó yà á lẹ́nu, torí láti ogójì ọdún, mi ò dá aṣọ ìyàwó padà rí. Mo ti kọ ìwé tí mo máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo kọ sí i kò pọ̀: "Télọ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀."