Iṣu Yín Ti Ń Hù Lẹ́yìn Mi

Bàbá mi, ẹni tó fi ọkọ́ lé mi lọ́wọ́,

Ó pẹ́ tí mo ti bá yín sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn lójú oórì yín. Fọlákẹ́ ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ mọ̀ pé oko lẹ fi mí sí, ẹ kò fi mí sílé ìwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má tún un ṣe.

Ìlú òyìnbó ni mo wà. Ojú ló gbé mi wá. Ó ti ṣú débi pé mo ń fi àdá gé ìtàkùn iṣu tó ń fà lórí igi, mo rò pé koríko ni. Fọlákẹ́ ló ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ níbí. Yàrá kan ṣoṣo lòun fúnra rẹ̀ ń gbé, onílé kò sì gbà á láyè láti mú àlejò wọlé, ló bá fi mí sọ́dọ̀ tọkọtaya àgbàlagbà kan, òyìnbó, ní sọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan la máa ń ríra.

Wọn ò ṣe mí níbi, Bàbá. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Bí wọ́n bá ṣe mí níbi, ǹ bá bá wọn jà, kí n sì máa lọ. Ọ̀dùnkún láàárọ̀, ọ̀dùnkún lálẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà ń rẹ́rìn-ín sí wọn títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Báwo lèèyàn ṣe ń gbé inú ilé tí kò ti rí ẹni bá jiyàn?

Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún, ó sì ń ríran dáadáa. Ti òsì ló kù. Dókítà ní kí n ṣì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ nílé ní Ìdásẹ̀n. Adéwálé àbúrò mi pè mí lórí fóònù pé iṣu tí mo tọ́jú fún èbù tí n ó gbìn lọ́dún yìí ti ń yọ ọ̀mùnú. Ó wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé kóun gún un jẹ ni, kóun ra òmíràn lọ́jà dè mí. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Ṣé ó ti gbàgbé ni? Inú ebè tiyín lẹ ti wa èbù náà fún mi lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá oko. Ọdọọdún la ń gé e lára ara rẹ̀, a kò jẹ́ kí ìran rẹ̀ já rí. Ọdún kan tí a kò bá gbìn ín, ó ti tán nìyẹn. Ọjà wo ni wọ́n ti ń ta ti ọwọ́ yín?

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ìyá òyìnbó tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ wá iṣu kan rà fún mi kí inú mi lè dùn. Mo rí i pé ó ti ń yọ ọ̀mùnú, mi ò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, mo gé orí rẹ̀, mo fi eérú ibi tí wọ́n ti ń yáná ra ojú ibi tí mo gé, mo hú òdòdó ìyá náà, mo kọ ebè kan síbẹ̀. Nígbà tó dé, ó dúró wò ó títí. Kò bá mi wí. Nígbà tí òtútù mú lọ́jọ́ kejì, ó gbé aṣọ ìbora bo ebè náà bí ẹni ń bo ọmọ. Síbẹ̀ ó jẹrà. Mo wa á jáde, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Bàbá, ṣé ẹ rántí ìgbà tí ojú yín fọ́ pátápátá? Ẹ máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọgbà iṣu, ẹ ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí iṣu yóò ti hù, ẹ ó mi orí, ẹ ó gé e. Ẹ kò jẹ́ kí n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ yín. Mo máa ń wò yín pẹ̀lú ìbínú. Bí Fọlákẹ́ ṣe ń wò mí báyìí náà nìyẹn.

Ó ti gbé bírò sílẹ̀, kò fẹ́ kọ èyí tó kù. Mo ní kó kọ ọ́. Mo ti pinnu, mò ń bọ̀ nílé. Kí dókítà máa dúró de ojú òsì. Ẹ̀yin kò ní ojú kankan, ẹ sì gbìn ín. Èmi ní ẹyọ kan.

Ẹ bá mi ṣọ́ ọgbà iṣu náà títí n ó fi dé.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, olóríkunkun bíi tiyín.