Mo Fi Bátìrì Rẹ Ṣe Àáró

Ìsmáílà, Àkànó ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ ní Ìbàdàn níbẹ̀, Allah kò ní jẹ́ kí iná jó ọ lẹ́nu iṣẹ́, àmín. Ara wa le ní Ìgbó-Ọrà, ẹ̀gẹ́ wa lọ́nà Ìdèrè sì ti gbó.

Nípa kẹ̀kẹ́ Márúwá bàbá rẹ tí o yọ ẹ̀rọ epo rẹ̀, tí o fi bátìrì lítíọ́ọ̀mù sí i, má bínú kí o tó ka lẹ́tà yìí tán. Kí n tó tún àwọn bátìrì kéékèèké inú rẹ̀ tò, mo ṣe àfiwé wọn bí o ti kọ́ mi lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n jókòó lásán, iye kan náà ni ẹ̀rọ tó ń wọn iná ń kà lára gbogbo wọn, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gílóòbù láti tàn, méjì tètè rẹ̀. O ní kí n yọ irú wọn kúrò, àánú wọn sì ṣe mí. Lóko àáró, ṣé a máa ń lé ẹni tí kò lókun padà sílé ni? Àárín alágbára méjì là ń fi í sí, kí wọ́n bá a parí ebè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tò wọ́n.

Kẹ̀kẹ́ náà kú síbi tí ọ̀nà ti ń gòkè, tòun ti ẹrù ẹ̀gẹ́. Bàbá rẹ tì í títí, wọ́n ní ohun tí kì í mu epo, ebi ló ń pa á. Wọ́n ní bí kò bá dára kí ọjà Lanlate tó ń bọ̀ tó pé, àwọn á ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Òjó tó ń tún ọkàdà ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ìyá Ìsmáílà rọra, bátìrì ò mọ àáró, pé ńṣe ni wọ́n tò bí àwọn tó ń gba garawa omi lọ́wọ́ ara wọn láti odò: bí ọwọ́ ẹnì kan bá rẹ̀, garawa dúró nìyẹn, bí àwọn yòókù tilẹ̀ lókun.

Jọ̀wọ́, ra méjì tí irú wọn àti ọjọ́ orí wọn bá ti àwọn tó kù mu, kí o fi owó díẹ̀ kún un fún Òjó, kí ó tètè dé kí ọjọ́ ọjà tó pé.

Àwọn méjì tó rẹ̀, n kò jù wọ́n nù. Òjó so gílóòbù kékeré mọ́ wọn, wọ́n ń tàn fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní yàrá bí mo bá ń kírun. Lọ́jọ́ tí èmi náà kò bá lè bá yín sáré mọ́, ẹ má tò mí mọ́ àwọn alágbára, ẹ wá gílóòbù kékeré tèmi fún mi.

Iwájú ni wàá máa lọ, o kò ní kú sójú òkè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràhmọ̀t